Ta ni pùròdúsà gan-an? Ìbéèrè kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ lórí iṣẹ́ Christine Vachon

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. Iṣẹ́ ọ̀gbìn ni mo kà ní yunifásítì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ṣùgbọ́n eré ló wà lọ́kàn mi. Mo ń kà nípa obìnrin Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Christine Vachon. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń gbé fíìmù jáde, púpọ̀ nínú wọn ló sì dá lórí ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, àti àwọn tí ara tí wọ́n bí wọn mọ́ kò bá ẹni tí wọ́n mọ ara wọn sí mu. Queer ni òyìnbó ń pe gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ olówó, fíìmù rẹ̀ kì í sì í ṣe èyí tí gbogbo ayé ń rọ́ lọ wò. Kí ló ń jẹ? Ọ̀rẹ́ mi ní ẹnìkan ní láti máa fún un lówó lábẹ́lẹ̀. Ìbéèrè kejì: ṣé èèyàn lè ti ibí ṣe irú iṣẹ́ yẹn láì kó lọ sí Èkó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìwúrí bọ́ mi. Mo ti yó.

* * *

Àbúrò, mo gbọ́. Èmi náà ò ní ìwúrí lọ́wọ́ lónìí, iná ti lọ láti àárọ̀.

Kí o lè mọ ẹni tó ń dá ọ lóhùn: láti 2009 ni mo ti ń ṣe máníjà lórí lòkéṣọ̀n. Èmi ni mo ń wá ilé, wá ọkọ̀, wá ìyá alásè. Èmi náà ni wọ́n ń bú tí jẹnẹrétọ̀ bá kú. Mo ti gbé fíìmù méjì jáde fúnra mi. Ọ̀kan bá mi kọ́ ilé ìdáná, èkejì jẹ́ kí n ta Micra mi.

Ohun tí mo ń gbọ́ láti Tákíè dé Sábó ni pé pùròdúsà ni olówó. Ẹni tó wọ agbádá, tó jókòó sórí àga ike níbi tí wọ́n ti ń ya eré, tí wọ́n ń bu omi tútù fún, òun ni wọ́n á nawọ́ sí. Irọ́ gbáà ni. Onígbọ̀wọ́ nìyẹn. Pùròdúsà ni ẹni tó lọ bá onígbọ̀wọ́ yẹn nílé lẹ́ẹ̀méje, tí wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn Iléyá. Òun ló mọ iye tí ọjọ́ iṣẹ́ kan máa jẹ. Òun ló mọ̀ pé bí òjò bá ba Túsìdeè jẹ́, Wẹ́sìdeè ló máa san gbèsè rẹ̀.

Vachon gan-an kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó. Ọdún 1962 ni wọ́n bí i ní New York. Fọ́tò ni John Vachon, bàbá rẹ̀, ń yà jẹun, ó sì kú nígbà tí ọmọ ṣì kéré. Ó kàwé ní Brown University, ó jáde ní 1983, ibẹ̀ ló ti mọ Todd Haynes tó di dàrẹ́kítọ̀ fíìmù. Nígbà tó yá, òun, Haynes àti Barry Ellsworth dá ilé-iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀, Apparatus Productions, láti máa ran àwọn tó ń ṣe fíìmù kúkurú lọ́wọ́. Ní 1995, òun àti Pamela Koffler dá Killer Films sílẹ̀. Títí di òní, Killer Films náà ni.

Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé kò sí ẹni tó ń fún un lówó lábẹ́lẹ̀. Gbangba ló ti ń tọrọ ẹ̀.

Ohun tó ń jẹ? Owó iṣẹ́ pùròdúsà máa ń wà nínú ìwé ìnáwó fíìmù, bí ti oníkámẹ́rà ṣe wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó náà kì í jáde àfi tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Èyí tí o fi ọdún mẹ́fà lé kiri tí kò bọ́ sí i, ọ̀fẹ́ lo ṣe é. Ìdí nìyẹn tí irú wọn kì í fi iná sábẹ́ ìkòkò kan ṣoṣo. Èyí ń hó, èyí ń gbóná díẹ̀díẹ̀, òmíì wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì bu omi sí. Níbi tiwa, ọ̀pọ̀ pùròdúsà kì í kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú ìwé ìnáwó rárá. Á ní èrè ni òun máa jẹ. Èrè dà?

* * *

Èsì ti ń wọlé sórí ohun tí mo kọ. Ẹni tó kọ̀wé láti Ṣakí sọ pé: "Amẹ́ríkà ni. Amẹ́ríkà gba gbogbo nǹkan." Àwọn mẹ́ta mìíràn ti kín in lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí Vachon bá Haynes gbé jáde, Poison, tó fi ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin hàn, gba 25,000 dọ́là lọ́wọ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ran iṣẹ́ ọnà lọ́wọ́. Ní oṣù kìíní 1991 ó gba ẹ̀bùn tó ga jù fún eré ní Sundance, àjọ̀dún fíìmù kan ní Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ tí pásítọ̀ kan, Donald Wildmon, fi gbé ìwé síta pé ìjọba ń fi owó orí àwọn Kristẹni ṣe ìranù. Ariwo sọ, ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin. Alága àjọ náà ní láti jáde wá gbèjà fíìmù. Ṣé ìyẹn jọ ibi tí wọ́n ti "gba gbogbo nǹkan"? Àsìkò tí àrùn éèdì (AIDS) ń pa àwọn ọ̀rẹ́ wọn lọ́tùn-ún lósì ni o, tí ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn ń pè é ní ìdájọ́ Ọlọ́run.

Ariwo yẹn náà ló polówó fíìmù fún wọn. Ẹni tí kò gbọ́ orúkọ Poison tẹ́lẹ̀ fẹ́ mọ ohun tó mú pásítọ̀ bínú tó báyẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1992, òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ B. Ruby Rich sọ gbogbo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ lórúkọ, ó pè é ní New Queer Cinema. Èébú ni queer tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ọmọ ilé-ìwé máa ń sọ lù ara wọn. Wọ́n gba èébú, wọ́n fi jẹ oyè.

Níbi tí mo ti gbà pẹ̀lú ará Ṣakí ni pé ariwo nìkan ni Wildmon lè pa. Kò lè fi Vachon sẹ́wọ̀n. Mo ń bọ̀ wá síbẹ̀, ẹ fún mi láyè.

* * *

Lórí owó. Ẹnìkan ní tí òun bá rí owó ńlá, òun á ṣe fíìmù tó wu òun. Ìdàkejì ni mo rí nínú ìtàn obìnrin yìí. Owó kékeré ló fún un lómìnira. Bí owó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni àwọn tó ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá fún ọ ní mílíọ̀nù kan á ní kí o kí òun lórí fíìmù. Ẹni tó bá fún ọ ní ogún mílíọ̀nù á ní kí ọmọ ìyàwó òun ṣe olórí eré. Mo ti rí i, ọmọ ìyàwó náà kò lè sọ "ẹ káàárọ̀" kó jọ òótọ́.

Wo Boys Don't Cry tí Vachon gbé jáde ní 1999. Ìtàn Brandon Teena ni, ọ̀dọ́ tí wọ́n bí ní obìnrin, tó ń gbé ayé rẹ̀ bí ọkùnrin, tí wọ́n pa ní Nebraska ní 1993. Ta ló máa gbé owó rẹpẹtẹ sílẹ̀ fún irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn? Nǹkan bí mílíọ̀nù méjì dọ́là ni wọ́n fi ṣe é, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá lè fi ra oúnjẹ lórí lòkéṣọ̀n. Kimberly Peirce ló darí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì ti ń kó ìtàn náà jọ. Hilary Swank tó ṣe Brandon gba 3,000 dọ́là péré. Ó gba Oscar lórí ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé owó tí òun rí kò tó èyí tí òun lè fi ní ìwé ìtọ́jú ìlera.

Ibí ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ẹ̀yin tó ń fèsì. Apá kan ní ìrẹ́jẹ ni, pùròdúsà gba orúkọ lórí òógùn àkítọ̀. Apá kejì ní ta ló fi ipá mú un, ṣebí Oscar ló gbé lọ sílé. Èmi ò sí nínú apá kankan. Ní 2013, àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin bá mi gbé iná àti waya fún ọjọ́ mọ́kànlá láì gba kọ́bọ̀, lórí ìlérí pé tí fíìmù bá tà, màá rántí wọn. Fíìmù ò tà. Ọ̀kan nínú wọn ń gun ọ̀kadà nítòsí Àpáké báyìí, tó bá rí mi, á kí mi dáadáa, kò sì ní gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Kó bú mi ni ì bá sàn.

Nítorí náà òfin tèmi ni pé ẹni tó bá jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ máa jèrè lára fíìmù lè fara mọ́ owó kékeré. Ẹni tó ń gbé iná, ẹni tó ń se ìrẹsì, tí orúkọ rẹ̀ máa kọjá lójú sinimá bí ẹṣin sáré, ojú ẹsẹ̀ ni kí o san tiẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí á rántí Baba Sàlá àti Ọ̀run Mooru, 1982. Owó tó fi ṣe é kì í ṣe kékeré, àwọn jàgùdà sì ti dà á kọ sórí fídíò kó tó rí èrè jẹ. Gbèsè fẹ́rẹ̀ẹ́ sin ín. Ká máa pe ara wa ní "olómìnira" dùn, ṣùgbọ́n ta ni yóò san án tó bá dànù?

* * *

Kúkurú lèyí. Ẹnìkan béèrè bóyá òun lè fi orin jùjú àtijọ́ kan sábẹ́ fíìmù òun, "ṣebí olórin náà ti kú."

Má dán an wò. Haynes ṣe fíìmù kúkurú kan kí ó tó ṣe Poison, Superstar, ìtàn Karen Carpenter olórin, ọmọláńgidi Barbie ló fi ṣe àwọn èèyàn inú rẹ̀. Ó fi orin àwọn Carpenters síbẹ̀ láì gba àṣẹ. Ẹ̀gbọ́n olórin náà gbé e lọ sí kóòtù, láti 1990 sì ni wọn ò ti lè fi fíìmù náà hàn lọ́nà òfin mọ́. Fíìmù tó dáa ni o! Ó wà nílẹ̀ bí òkú tí wọn ò rí ibi sin.

Tèmi kò tó ìyẹn. Orin ìṣẹ́jú méjì ni mo fi sí i, àwọn ọmọ olórin kọ̀wé sí YouTube, gbogbo owó ìpolówó fíìmù náà sì ń lọ sápò wọn títí di òní. Olórin kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà láàyè, wọ́n sì ní dátà.

* * *

Ó yá, òfin. Mo mọ̀ pé ibí lẹ ti ń dúró dè mí.

Ní oṣù kìíní 2014 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin tó ka ìgbéyàwó akọ-sákọ àti abo-sábo léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ẹni tó bá ṣe é. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ irú wọn sílẹ̀ tàbí tó bá kún un lọ́wọ́, àti fún ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Kò dárúkọ fíìmù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bíi "fi hàn ní gbangba", ẹni tó bá fẹ́ fi gbá ọ mú á rí ibi tó máa dì mú. Lọ́tọ̀, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò wà láti 1993. Fíìmù tí wọn ò bá fọwọ́ sí, o kò gbọdọ̀ tà á, o kò sì gbọdọ̀ fi hàn.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2020. Pamela Adie gbé fíìmù nǹkan bí ìdajì wákàtí jáde, Uyaiedu Ikpe-Etim ló darí rẹ̀, Ìfẹ́ ni wọ́n pè é, orúkọ Yorùbá pọ́ńbélé. Obìnrin méjì tó fẹ́ràn ara wọn ni. Ọ̀gá àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní tí wọ́n bá gbé e jáde láì gba ìwé àṣẹ, ẹ̀wọ̀n ló ń dúró dè wọ́n. Toronto ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi í hàn, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá fẹ́ wò ó á sanwó. Ní 2023 ni Babatunde Apalowo mú fíìmù tirẹ̀, All the Colours of the World Are Between Black and White, lọ sí àjọ̀dún fíìmù ní Berlin. Ọkùnrin méjì ní Èkó ni ìtàn náà dá lé, ó sì gba ẹ̀bùn Teddy, tí wọ́n ń fún irú fíìmù bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ní Kẹ́ńyà, nígbà tí wọ́n fòfin de Rafiki, fíìmù nípa ọmọbìnrin méjì tó fẹ́ràn ara wọn, ní 2018, Wanuri Kahiu tó darí rẹ̀ gba kóòtù lọ. Adájọ́ yọ̀ǹda ọjọ́ méje péré, èrò sì kún ilé sinimá ní Nairobi.

Ó ṣeé ṣe nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó ń kọ "ìgboyà, ìgboyà" sábẹ́ ìbéèrè ọmọ yìí, ẹ dákẹ́ díẹ̀ ná. Ìgboyà ta ni? Tí wàhálà bá dé, pùròdúsà àti dàrẹ́kítọ̀ lè ní ìwé ìpè láti Berlin nínú àpò. Ìyá tó se àmàlà fún wọn ń gbé Arówómọ̀lé. Ọmọ tó gbé iná, ẹni tó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, awakọ̀ tí nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ hàn nínú fídíò tí ẹnìkan yà lẹ́bàá ọ̀nà: àwọn wọ̀nyí kò ní ibi tí wọ́n máa sá lọ. Bí o ṣe ń ka epo bẹntiróòlù àti owó ilé, ka ìyẹn náà mọ́ ìnáwó. Ṣé o ti sọ fún ìyá alásè ohun tí ẹ ń ṣe? Ṣé o ní lọ́yà tó máa gbé fóònù ní aago méjì òru? Tí kò bá sí, má tíì ya nǹkan kan.

Mo sọ ọ́ bí máníjà lòkéṣọ̀n ni o. Mi ò sọ pé kí ìtàn náà má wà.

* * *

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ọ̀yọ́ Aláàfin, mo ti ka ọ̀rọ̀ yín. Ẹ ní kì í ṣe àṣà wa, ẹ ní kí n má sọ ọ́ létí ọmọdé. Mo kúnlẹ̀, mi ò ní bá yín jiyàn àṣà. Ìbéèrè iṣẹ́ ni ọmọ béèrè, èsì iṣẹ́ ni mo fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ ní nínú fíìmù tiwa, "wọ́n máa ń fi hàn bó ṣe rí." Níbẹ̀ ni mo ti ní kí ẹ dá mi dúró. Àtìgbà tí mo ti ń rí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ nínú fíìmù ilé wa, ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, tàbí ẹ̀mí èṣù ló wọ inú rẹ̀, tàbí ó ti ya wèrè kí apá kejì tó jáde. Ẹ wò ó dáadáa, ọ̀lẹ òǹkọ̀wé nìyẹn. Kò mọ ohun tí ẹni náà jẹ láàárọ̀, kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, kò mọ ẹni tó jẹ lówó. Bí ẹ kò bá tiẹ̀ fẹ́ràn ẹnìkan, tí ẹ bá máa kọ ọ́ sínú eré, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo rí kọ́ lára àwọn fíìmù tí Vachon gbé jáde nìyẹn, kódà nínú èyí tí mi ò gbádùn. Èèyàn inú wọn ní gbèsè, wọ́n ní ìyá, orí máa ń fọ́ wọn. Swoon, 1992, nípa ọkùnrin méjì tó pa ọmọdé ni. Apààyàn ni wọ́n lóòótọ́, kò sì sẹ́ni tó fọ̀ wọ́n mọ́. Ó kàn jẹ́ pé èèyàn ni wọ́n.

* * *

A ti yà kúrò lọ́nà, ṣùgbọ́n ẹni tó mú ọ̀rọ̀ lòkéṣọ̀n wá ṣe dáadáa. Ó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ò ní nǹkan tí kámẹ́rà lè yà.

Háà. New York ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni ìtàn Carol, fíìmù Vachon àti Haynes nípa obìnrin méjì tó fẹ́ràn ara wọn, ti ṣẹlẹ̀. Ní 2014, nígbà tí wọ́n ń ya á, Cincinnati ní Ohio ni wọ́n kó lọ. New York òde òní kò jọ ti àtijọ́ mọ́, ó sì wọ́n bí ojú. Cincinnati ní àwọn òpópónà tí wọn ò tíì wó, owó ibẹ̀ sì rọ̀. Fíìmù náà gba ìdárúkọ mẹ́fà fún Oscar. Ìwé tí wọ́n ti yọ ọ́ jáde láti 1952 ni o, wọ́n sì ti kọ eré rẹ̀ láti àwọn ọdún 1990. Ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí wọ́n kọ ọ́ ti tó wọ yunifásítì kí a tó rí i wò ní 2015. Ọwọ́ ẹlòmíì ló ti wà tẹ́lẹ̀ kó tó kan Vachon àti Haynes.

Àwa náà ní ilé olókè tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà, a ní agbo ilé tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gba ẹṣin. Kunle Afolayan wá kọ́ odindi abúlé fíìmù sí Òkè-Ògùn, ó mọ ohun tó ń wá. Ìṣòro wa ni àwo satẹláìtì. Mo ń ya ìtàn ọdún 1970 nígbà kan, ilé náà pé pérépéré, àfi àwo kan tó dúró lórí òrùlé bí adé. Mo bẹ bàbá onílé. Bàbá ní Arsenal ń gbá bọ́ọ̀lù ní aago mẹ́rin. Mo ní màá sanwó. Bàbá ní ṣé owó lè gbá góòlù wọlé ni? A dúró títí bọ́ọ̀lù fi parí. Arsenal jẹ góòlù mẹ́ta, inú bàbá bàjẹ́, ó lé gbogbo wa jáde.

* * *

Ẹni tó ní "obìnrin yẹn ti gòkè, kò sí ohun tó lè ṣe é mọ́": ó dáa kó o gbọ́ ti oṣù kẹjọ 2024.

Haynes fẹ́ ya fíìmù kan nípa ọkùnrin méjì tó ń fẹ́ ara wọn ní àwọn ọdún 1930. Joaquin Phoenix ni olórí àkítọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbé èrò náà wá bá wọn. Wọ́n ti kọ́ ilé eré sí Guadalajara ní Mẹ́síkò, òṣìṣẹ́ ti kún lòkéṣọ̀n. Ó ku ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, Phoenix ní òun ò ṣe mọ́. Gbogbo rẹ̀ dojú dé. Àwọn kan wá ń sọ pé ìyẹn ló máa ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá mú ọkùnrin tó ń fẹ́ obìnrin láti ṣe irú ipa bẹ́ẹ̀. Vachon jáde sórí Facebook, ó ní kí wọ́n má wá na ìka sí òun, àlá burúkú lohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ti gbé fíìmù jáde láti 1991, tí wọ́n yàn fún Oscar fíìmù tó dáa jù lórí Past Lives ní oṣù díẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn!

Èmi náà ti jẹ irú ẹ̀, ìwọ̀n tèmi. Àkítọ̀ kan gba ìdajì owó, ó ní òun ti wà ní gáréèjì Ìlọrin, ó sì pa fóònù. Òun ló yẹ kó ṣe bàbá ìyàwó. Ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ a sọ bàbá di òkú, a ní kí ìyàwó máa sunkún níwájú fọ́tò rẹ̀ lára ògiri. A ò sì ní fọ́tò àkítọ̀ náà. Ti awakọ̀ wa la gbé kọ́. Àwọn òǹwòran kọ ọ́ sábẹ́ fíìmù pé bàbá yẹn jọ ìyàwó gan-an.

Vachon kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tí olówó bá kó owó sílẹ̀ nítorí orúkọ ẹnìkan, ẹni yẹn bá lọ, owó náà bá a lọ nìyẹn. Níbi tí kékeré ti sàn ju ńlá nìyẹn, mo padà sórí ọ̀rọ̀ mi.

* * *

Àbúrò tó béèrè ti padà dé. Ó ní ìtàn tí òun fẹ́ ṣe kì í tiẹ̀ ṣe irú ti Vachon, nípa ìyá kan tó ń ra kajú láti oko lọ tà ni. Ó ní ohun tí òun fẹ́ mọ̀ ni bí èèyàn ṣe ń pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí tí kò sì jọ pé ó ń lówó. Ó ní òun ní ₦600,000 àti ìbátan kan tó ní kámẹ́rà.

Mo dúpẹ́ pé o padà wá. Ohun tí mo rí nìyí, kò gùn. Vachon bá Haynes ṣe fíìmù àkọ́kọ́, ó sì wà níbẹ̀ fún Safe ní 1995, Far from Heaven ní 2002, Carol ní 2015, May December ní 2023. Èèyàn kan náà, láti ilé ìwé. Koffler náà wà láti 1995. Àárín gbogbo ìyẹn, Vachon ń gba àwọn tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ wọlé: nígbà tí Rose Troche àti Guinevere Turner ń ya Go Fish ní Chicago tí owó tán lọ́wọ́ wọn, Vachon ni wọ́n kọ lẹ́tà sí, ó bá wọn wá owó tí wọ́n fi parí rẹ̀. Wọ́n tà á ní Sundance ní 1994. Mo mọ pùròdúsà tó gbọ́n jù mí lọ dáadáa níbí tí wọ́n bá dàrẹ́kítọ̀ jà lẹ́yìn fíìmù kan ṣoṣo, lórí owó tí kò tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì, lónìí kálukú ń dá ṣe tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nípa ₦600,000, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni kí o fi ṣe. Má ṣe ọgọ́rùn-ún. Oko kajú kan, ìyá kan, ọjọ́ mẹ́ta, ìgbà tí kajú bá so, kí o má baà máa ra èso fi so mọ́ igi (mo ti ṣe é rí pẹ̀lú máńgòrò, má bi mí). Kọ ₦40,000 sílẹ̀ fún ara rẹ kí o tó kọ ti ẹnikẹ́ni. Ìwé àdéhùn láàárín ìwọ àti ìbátan rẹ tó ní kámẹ́rà, kọ ọ́ nísinsìnyí tí ẹ ṣì ń rẹ́rìn-ín síra yín.

Sátidé tó ń bọ̀ mo wà lórí lòkéṣọ̀n lọ́nà Ìkòyí-Ilé. Ìyá alásè ń wá ẹni tó máa pọn omi, owó rẹ̀ wà, ojú ẹsẹ̀ ni mo sì ń san án. Aago mẹ́fà àárọ̀. Mú ìwé kékeré kan dání, kí o kọ iye owó gbogbo ohun tí o bá rí, títí kan omi. Mú ọ̀rẹ́ rẹ yẹn náà wá. Tó bá rí ẹni tó ń fún pùròdúsà lówó lábẹ́lẹ̀, kó bá mi kí i.